Kànga Kẹtàdínlógún

Ní Kúdẹtì, lẹ́yìn aago méjìlá òru,
dátà ti dínwó, àwọn ọmọ ti sùn,
mo gbé kọ̀ǹpútà lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá,
mo kan ilẹ̀kùn ilé ìkàwé yunifásítì:
Àgò onílé o.

Ó ní, Ta nìyẹn?
Mo ní, èmi ni, Fadérera, ọmọ agbẹ́kànga.
Ó ní òun ò mọ ọmọ agbẹ́kànga kankan,
nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ mi ńkọ́?
Mo tẹ nọ́ńbà. Mo tẹ páásíwọ́ọ̀dù.
Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn ti kú láti oṣù tó kọjá.

Ọ̀rọ̀ a sì máa kú?
Oríkì bàbá bàbá mi ṣì ń jẹ́ láàyè lẹ́nu àwọn ẹbí,
ṣùgbọ́n èyí tí mo fi orúkọ àkọ́bí mi hun,
tí mo so ọdún ìbí rẹ̀ mọ́,
tí mo fi àmì ìyàlẹ́nu kan dí nídìí,
àádọ́rùn-ún ọjọ́ péré, ó ti dòkú.

Nígbà tí mò ń gbé Àgbọ̀wó,
títì kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti géètì.
Bí mo bá ti wọ ọgbà, ìwé a ṣí fúnra rẹ̀,
bíi pé atẹ́gùn ibẹ̀ mọ orúkọ mi.
Lándílọ́ọ̀dù gbówó lé owó,
mo kẹ́rù padà sílé bàbá mi,
mo dàlejò lójú ìwé.
Láti Kúdẹtì dé Bódìjà, láti Bódìjà dé géètì,
àlọ àti àbọ̀:
oúnjẹ ọjọ́ kan ni.

Ọ̀gbẹ́ni Látúnjí ibi káńtà,
ẹni tó fi òwú dúdú so awò ojú rẹ̀,
ló ṣàlàyé fún mi lórí fóònù:
“Má lọ bá àwọn oníwèé ní tààrà,
ogójì dọ́là ni wọ́n máa bi ọ́.
Gba ẹnu ọ̀nà tiwa wọlé,
kí wọ́n lè rò pé inú ọgbà lo jókòó sí.”

Mo sin ọ̀rọ̀ tó kú, mo bí òmíràn.
Wọ́n múná lọ. Bátìrì ku mọ́kànlá.
Àmì róbótó kan ń yí po, ó ń yí po,
bí adìẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí.

Ó ṣí.
Òǹkọ̀wé mẹ́fà, ojú ewé mọ́kànlá,
lórí omi kànga Gúúsù Ìlà-Oòrùn Ìbàdàn.
Mo fìka fà á títí dé àtẹ kẹta.
Kànga kẹtàdínlógún: Kúdẹtì,
ìdérí páànù, igi ìbẹ́pẹ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo dìde, mo ṣí fèrèsé.
Ìbẹ́pẹ méjì dúró nínú òkùnkùn.

Mo wá rántí wọn,
àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun,
tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún Màmá kí wọ́n tó fami.
Màmá gbé àga fún wọn, ó bu omi fún wọn.
Wọ́n dúpẹ́. Wọn ò mu ún.
Wọ́n ní àwọn á mú èsì padà wá.
Ọdún kẹsàn-án rèé.

Wọn ò kúkú parọ́. Èsì ti jáde tipẹ́,
ó jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn ogójì dọ́là,
a sì ń pọn, a ń mu, a ń fi po ògì ọmọ.

Kọ́kọ́rọ́ ni mo ń wá kiri lóru,
kòkòrò ni mo bá:
orúkọ rẹ̀ gùn, lẹ́tà rẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan
bí ẹni tó fẹ́ yọ́ kọjá.
Mo fi bírò kọ ọ́ sẹ́yìn bíìlì iná,
òun àti iye rẹ̀,
kí bátìrì tó kú.

Ilẹ̀ ń mọ́. Mo gbọ́ páànù tó ró gbàgà,
mo gbọ́ okùn tó ń sáré sọ̀ kalẹ̀.
“Ẹ dúró ná, Màmá.
Èsì ti dé.”